Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn: Tony Rice, Atagìtá Tí Kò Mọ sí Ojú Ọ̀nà Kan

Nínú àpilẹ̀kọ wa tó kọjá lórí àwọn gìtá tí kì í lo iná mànàmáná, a dárúkọ Tony Rice, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó fi orin bluegrass ṣiṣẹ́ jẹ. Gbólóhùn méjì péré ni a fi sọ̀rọ̀ rẹ̀. A sọ pé eré tí ìka rẹ̀ ń sá lórí okùn, tí gbogbo ayé fi ń yìn ín, kọ́ ni ó mú un yàtọ̀, bí kò ṣe ọ̀nà tí ó ń gbà fi gìtá gbè lẹ́yìn ẹni tó ń kọrin. Ọ̀rọ̀ náà ló fa àwọn lẹ́tà tí ẹ ó kà yìí. A gé àwọn mìíràn kúrú, a sì fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ orin country dáadáa, nítorí rẹ́kọ́ọ̀dù Jim Reeves kò wọ́n nílé bàbá mi. Irú orin wo wá ni bluegrass, ta sì ni Tony Rice nínú rẹ̀? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Inú ẹbí kan náà ni bluegrass àti country ti wá, ṣùgbọ́n ìṣesí wọn yàtọ̀. Bill Monroe, ọmọ ìpínlẹ̀ Kentucky, ni wọ́n ń pè ní bàbá bluegrass. Orúkọ ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, Blue Grass Boys, ni orin náà mú jẹ́, ó sì di ìgbà tí Earl Scruggs gbé bánjò rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn ní ìparí ọdún 1945 kí orin náà tó ní ohùn tí a fi mọ̀ ọ́n títí dòní. Ohun èlò olókùn nìkan ni wọ́n ń lò: bánjò, fáolìn, mandolin (ohun èlò kékeré tó jọ gìtá), gìtá, àti béèsì onígi ńlá tí ẹni tó ń ta á máa ń dúró tì. Wọn kì í lu ìlù sí i, wọn kì í sì í fi iná mànàmáná ta á. Nígbà tí kò ti sí ìlù, àwọn olókùn fúnra wọn ni wọ́n ń pín iṣẹ́ onílù ṣe láàárín ara wọn: béèsì ń sọ ibi tí ẹsẹ̀ yóò balẹ̀ sí, mandolin ń gé ìró kúkurú sí àárín ẹsẹ̀ méjì, gìtá sì ń so àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iṣẹ́ gìtá yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀ láìpẹ́.

Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹfà ọdún 1951 ni wọ́n bí Tony Rice ní ìlú Danville ní ìpínlẹ̀ Virginia. David Anthony ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Tony ni gbogbo ayé ń pè é. Danville kọ́ ni ó dàgbà sí. Àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí agbègbè Los Angeles ní California, níbi tí Herb, bàbá rẹ̀, ti ń kọ bluegrass, tí Tony àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Larry sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e láti kékeré. Ẹni tí a wá ń kà mọ́ àwọn òpó bluegrass, orin òkè Appalachia ní ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, jẹ́ ọmọ tó kọ́ orin náà ní etí òkun Pacific, láàárín ọkọ̀ àti títì olóyìnbó. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó máa ń ní ẹni tí kò bá dàgbà sórí òkè kò lè mọ orin òkè.

Ní ọdún 1970 ó kó lọ sí Louisville ní Kentucky, ó sì dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ Bluegrass Alliance. Ní ọdún kejì rẹ̀ ó bọ́ sọ́dọ̀ J. D. Crowe, àgbà onibánjò, nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n wá ń pè ní New South. Ọdún mẹ́rin ni ó lò níbẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe ní 1975, tí Ricky Skaggs (akọrin àti onímandolin), Jerry Douglas àti Bobby Slone wà nínú rẹ̀, di èyí tí àwọn olùfẹ́ bluegrass kì í tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Rounder kọ sí i lára ni wọ́n ń pè, 0044, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sì yé ti mọ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti bọ́ sọ́dọ̀ David Grisman ní California, kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Tony Rice Unit, sílẹ̀. Ó kú sínú ilé rẹ̀ ní Reidsville ní North Carolina ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2020, lẹ́ni ọdún 69.

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú àárọ̀. Èmi ni mo ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣe é fẹ́ràn kí wọ́n máa sáré lórí okùn, àmọ́ bí ẹlòmíràn bá ti gbé orin, ọwọ́ wọn á kú. Kí gan-an ni ọwọ́ Tony Rice ń ṣe tí ẹ fi sọ pé gbígbè lẹ́yìn akọrin ni agbára rẹ̀ wà? (Òǹkàwé kan, Ìlọrin)

Àbúrò, ìbéèrè yín yìí ni mo ti ń retí.

Nínú bluegrass ti àtijọ́, gìtá kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó ta okùn ìsàlẹ̀ kan, kí ó gbọ́n àwọn okùn òkè, kí ó tún ta òmíràn nísàlẹ̀, kí ó tún gbọ́n tòkè. Bí akọrin bá parí ìlà kan, Lester Flatt, tó ta gìtá fún Bill Monroe, máa ń fi ìró kúkurú kan tì í, èyí tó gun òkè láti orí okùn tó nípọn wá balẹ̀ sórí okùn G, gbogbo onígìtá bluegrass sì kọ́ ọ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó bá kan kí ẹnì kan dá ṣeré, fáolìn, bánjò tàbí mandolin ni yóò jáde. Ohùn gìtá kò ga tó láti bá wọn du ààyè.

Ẹni méjì ló yí èyí padà kí Tony Rice tó dé. Àkọ́kọ́ ni Doc Watson, afọ́jú láti Deep Gap ní North Carolina, tí ó ń fi píìkì (ohun pẹlẹbẹ kékeré tí a fi ń ta okùn) ta orin fáolìn sórí gìtá láì fo ìró kankan. Ìkejì ni Clarence White, tí Tony bá pàdé ní California ní ọdún 1960, nígbà tí Tony jẹ́ ọmọ ọdún 9. Ohun tí Clarence mú wá ni fífi ìró sí ibi tí a kò retí rẹ̀: yóò dá ìró kan dúró títí etí yóò fi máa wá a, kí ó tó jẹ́ kí ó bọ́, yóò sì tẹ ẹnu mọ́ ibi tí àwọn yòókù gbójú fò. Tony mú èyí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ó bọ́ mọ́ láyé rẹ̀.

Ẹ wá wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ báyìí. Píìkì tí ó fẹ́ràn ni èyí tí wọ́n fi èèpo igbá ìjàpá òkun gé, tó le, tí kì í tẹ̀ bí ó bá kan okùn. Ọrùn ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́, apá kì í fi bẹ́ẹ̀ mì. Kì í ki píìkì jìn sínú okùn. Ó kàn ń fi ẹnu rẹ̀ kan án ni, nítorí náà ó lè gbé okùn gìtá rẹ̀ sún mọ́ igi ọrùn gìtá gan-an láì jẹ́ kí ó máa han. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ gìtá ní kí a máa ta okùn kan sísàlẹ̀, kí a ta èyí tó tẹ̀ lé e sókè, láì yẹ̀. Tony kò tẹ̀ lé òfin yìí pátápátá: bí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, yóò fa píìkì gba orí okùn méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn kọjá síhà kan náà lẹ́ẹ̀kan, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó ń da orin rẹ̀ kọ máa ń rí gbogbo ìró rẹ̀ mú tí wọn kò sì rí ohùn rẹ̀ mú.

Nígbà tí ó bá ń gbè lẹ́yìn akọrin, kì í gbọ́n gbogbo okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Okùn méjì tàbí mẹ́ta ni yóò fọwọ́ kàn níhìn-ín, yóò fi ọwọ́ ta ìró ìsàlẹ̀ (béèsì) kan lọ́hùn-ún, yóò dákẹ́ díẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ń jáde lẹ́nu akọrin. Bí akọrin bá sì mí, ibẹ̀ ni yóò ti dáhùn. Bí ìlà orin bá ń gòkè lọ, yóò ti béèsì rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ láti inú kọ́ọ̀dù (ìró mélòó kan tí a jọ ta pọ̀) kan bọ́ sí èkejì, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi mọ kọ́ọ̀dù tó ń bọ̀ kí ó tó dé. Ní ibi tí ẹlòmíràn yóò gbé ta kọ́ọ̀dù G lásán, òun yóò fi ìró kan kún un tàbí kí ó yọ ọ̀kan kúrò, kí ó má baà dà bí ẹni pé ó pé jù. Ìró ìbànújẹ́ tí ó ti inú blues wá, tí ó wà láàárín ohun tí etí ń pè ní kọ́ọ̀dù ayọ̀ àti ti ẹ̀dùn, máa ń yọ́ jáde nínú gìtá rẹ̀ káàkiri, nínú gbígbè àti nínú dídá ṣeré.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ, kò sí bí ẹ ṣe lè fi ibi tí ó ti dá ṣeré bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá orin kan tí òun fúnra rẹ̀ kọ, kí ẹ pa etí dé sí ohùn ẹnu, kí ẹ máa fi ìka ka iye ìgbà tí ó fọwọ́ kan okùn tó nípọn jù lọ láàárín ìlà kan. Ó máa ń kéré ju bí ẹ ti rò lọ. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, kí ẹ̀yin àti àwọn ọ̀dọ́ yín gbìyànjú láti gbè lẹ́yìn orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láì sí ẹni tó dá ṣeré rárá, kí a sì wo ẹni tí yóò lè fara dà á.

Olóòtú, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn mọ ọ̀kan. Mo gbọ́ pé Tony Rice ta bluegrass, ó ta jáàsì, ó kọ orin àwọn akọrin onítàn. Ṣé kò kàn ń fò láti orí ẹ̀ka kan sí òmíràn ni? Olùkọ́ orin ni mí, mo sì ti rí irú wọn rí. (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Ẹ kú iṣẹ́ olùkọ́. Mo gbà pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà, kódà wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ti ọkùnrin yìí ṣe rí.

Nígbà tí ó lọ bá David Grisman ní 1975, atagìtá tó ti lókìkí ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó bá orin kan pàdé tí kò yé e. Grisman, tí mandolin jẹ́ ohun èlò rẹ̀, ń hun jáàsì, swing (irú jáàsì tí wọ́n fi ń jó) àti bluegrass pọ̀ mọ́ra. Kò sí ẹni tó ń kọrin nínú rẹ̀, kò sí bánjò, kọ́ọ̀dù inú rẹ̀ sì pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni ń lò ní Kentucky lọ. Tony fi ara rẹ̀ sílẹ̀ láti kọ́ ẹ̀kọ́. John Carlini, atagìtá tó gbọ́ ìwé orin, ni ó kọ́ ọ bí a ti ń ka àtẹ kọ́ọ̀dù àti bí a ti ń mọ ohun tí kọ́ọ̀dù kan ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn. Ẹni tí owó ti ń wọlé fún, tí orúkọ rẹ̀ ti ń ró káàkiri ibi ayẹyẹ bluegrass, padà jókòó síwájú olùkọ́. Rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ David Grisman Quintet ṣe jáde ní 1977. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ ó rí i pé ọwọ́ ọ̀tún tó ń gbè lẹ́yìn Ricky Skaggs ní Kentucky náà ló ń gbè lẹ́yìn mandolin níbẹ̀. Kọ́ọ̀dù ló yí padà.

Ibí yìí ni mo ti yàtọ̀ sí yín, olùkọ́. Ẹni tó ń fò láti orí ẹ̀ka dé orí ẹ̀ka kì í mú ohunkóhun lọ, kì í sì í mú ohunkóhun bọ̀. Tony Rice mú kọ́ọ̀dù tuntun wọ̀nyẹn padà sínú orin ìbílẹ̀. Ní 1979 ó gbé Manzanita jáde, rẹ́kọ́ọ̀dù kan tó kún fún orin tí àwọn àgbà bluegrass mọ̀ dunjú, ṣùgbọ́n tí kò sí bánjò kankan nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí tí kò jọ ohun tí à ń ṣe nígbà náà rárá. Ní 1980, òun àti Skaggs tún jókòó, gìtá kan, mandolin kan, ohùn ènìyàn méjì, wọ́n sì kọ àwọn orin àtijọ́ bí tọkọtaya ṣe ń jọ gbàdúrà. Ní ọdún yẹn kan náà ó gbé Mar West jáde, tí ó jẹ́ orin aláìlọ́rọ̀ tó fi ara mọ́ jáàsì. Kí ọdún tó tẹ̀ lé e tó parí, rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ti Bluegrass Album Band ti wà lórí àtẹ, níbi tí òun, J. D. Crowe, Doyle Lawson, Bobby Hicks àti Todd Phillips ti ta orin àwọn Bill Monroe gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ta á ní 1946, láì fi ọgbọ́n orí kankan kún un. Ẹni kan náà ni ó ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì sí èyí tí ó da èyí rú nínú wọn.

Èrò tèmi kò ní jẹ́ kí n parọ́ fún yín, ṣá. Àwọn kan nínú orin aláìlọ́rọ̀ rẹ̀ ti ìgbà náà máa ń gùn ju bó ti yẹ lọ, wọ́n sì mọ́ tónítóní débi pé wọn ò mú ara gbóná. Èmi kò jẹ́ fi Church Street Blues, tí ó ṣe ní 1983, pààrọ̀ gbogbo wọn. Òun nìkan ni ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú gìtá àti ẹnu, àfi ibi díẹ̀ tí Wyatt àbúrò rẹ̀ ti ta gìtá kejì. Orin Gordon Lightfoot, akọrin ọmọ Kánádà, wà nínú rẹ̀, nítorí Tony fẹ́ràn orin ọkùnrin yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi wá kó àwọn tó ti kọ nínú wọn jọ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù kan lọ́tọ̀. Kò sí béèsì, kò sí fáolìn tó lè bá a bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ní akẹ́kọ̀ọ́ tó rò pé gìtá kan kò lè gbé odidi orin dúró, ẹ fi èyí gbọ́ fún un.

Ṣé òótọ́ ni pé gìtá rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀? (Òǹkàwé kan, Àkúrẹ́)

Òótọ́ ni. Gìtá D-28 ti ilé iṣẹ́ Martin ni, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1935, nọ́ńbà ara rẹ̀ sì ni 58957. Clarence White ló kọ́kọ́ lókìkí pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ tí Tony bá a pàdé ní 1960 ni ó ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án, ó sì gbà. Ihò tí ohùn ń gbà jáde lójú gìtá yìí fẹ̀ ju bí ilé iṣẹ́ ṣe gé e lọ, nítorí wọ́n ti gbẹ́ ẹ kí ó tó dé ọwọ́ Tony. Nípa bẹ́ẹ̀, ìrísí rẹ̀ kò ṣe é gbàgbé.

Ní oṣù Keje ọdún 1973, ọmùtí awakọ̀ kan pa Clarence White ní Palmdale ní California, bí ó ti ń kó ohun èlò rẹ̀ sínú ọkọ̀ lẹ́yìn eré. Ọmọ ọdún 29 ni. Gìtá náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kú. Tony wá a títí, ó rí ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rà á ní dọ́là 550 ní ọdún 1975. Ní oṣù Kẹta ọdún 1993, ìjì ńlá kan gbé omi òkun wọ ilé tí ó ń gbé ní Crystal River ní Florida, gìtá náà sì mumi. Wọ́n tún un ṣe, ó sì tún ń dún.

Nítorí pé ó mọ̀ pé gìtá tó ti dàgbà bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó máa rìn káàkiri títí láé, ilé iṣẹ́ Santa Cruz ní California bá a ṣe òmíràn tí ihò rẹ̀ náà fẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó lè ra irú rẹ̀ lónìí. Kò sọ pé ohùn Tony Rice yóò bá a wá o.

Mo gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ ti ọdún 2004, ẹlòmíràn ló ń kọrin. Kí ló gba ohùn rẹ̀? (Òǹkàwé kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìgbà tí ó kọrin kẹ́yìn lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ọdún 1994. Àìsàn kan tó máa ń mú kí iṣan ọ̀nà ọ̀fun le koko nígbà tí èèyàn bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ló mú un, ohùn rẹ̀ sì di hán-ún hán-ún. Ohùn ọkùnrin tó nípọn díẹ̀ ni Ọlọ́run fún un, ṣùgbọ́n bluegrass fẹ́ràn ohùn tó ga bí ti Bill Monroe, ọ̀pọ̀ ọdún ni òun náà sì fi kọrin lókè ju ibi tí ohùn rẹ̀ mọ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ka èyí kún ohun tó bà á jẹ́. Ẹ̀yin olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ẹ máa rántí pé bí a bá sọ orin kalẹ̀ ní ìpele kan tàbí méjì, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Kò torí èyí gbé gìtá kalẹ̀. Ní ọdún 1994 yẹn gan-an ni òun àti Grisman ṣe Tone Poems, níbi tí wọ́n ti fi gìtá àti mandolin àtijọ́ tó yàtọ̀ sí ara wọn ta orin kọ̀ọ̀kan. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Larry, Chris Hillman àti Herb Pedersen ṣiṣẹ́, ó sì bá akọrin Peter Rowan rìn. Ti Rowan ni ẹ gbọ́ yẹn, ohùn Rowan sì ni. Ẹ fetí sí ohun tí gìtá ń ṣe lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni oríkèé ríro àti ìrora ìgúnpá kan án ní apá, èyí tó wá mú kí ó dáwọ́ dúró.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013, wọ́n gbà á wọ Gbọ̀ngàn Ọlá àwọn olórin bluegrass ní Raleigh, North Carolina. Ohùn tó ti hán ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó sọ fún àwọn ènìyàn pé òun ti ń bá ara òun ṣiṣẹ́ lórí ohùn òun, ó sì sọ ìyókù ọ̀rọ̀ náà ní ohùn tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀. Fídíò rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò padà kọrin.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú bluegrass? Orin òyìnbó òkè ni. (Òǹkàwé kan, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Ní ti Tony Rice, kò sí ohun tó kàn wá ju pé a fẹ́ràn orin dáadáa. N kò ní dá ìtàn sílẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n "orin òyìnbó" yẹn ni n kò lè gbà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ni wọ́n gbé ìmọ̀ bánjò dé Amẹ́ríkà. Akonting tí àwọn Jola ní Sẹ̀nẹ̀gàl àti Gáḿbíà ń ta wà lára àwọn tí wọ́n máa ń fi wé e. Bill Monroe fúnra rẹ̀ kò fi ṣe àṣírí pé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Arnold Shultz, atagìtá ọmọ Kentucky, wà lára àwọn tí òun kọ́ orin lọ́dọ̀ wọn. Gìtá tó wà nínú bluegrass kò sì mọ́ láwọ̀ bí ẹ ti rò.

Bánjò tún padà wá sílé lọ́nà mìíràn. Ní Èkó ní àwọn ọdún 1930, ohun èlò tó jẹ́ àárín bánjò àti gìtá ni Tunde King ń ta nígbà tí jùjú ń gbèrú, kí Ayinde Bakare tó gbé gìtá oníná wọ inú rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1940. Ẹ sì rántí gìtá onírin tí Demola Adepoju ń yọ́ ta nínú ẹgbẹ́ King Sunny Ade: ọ̀dọ̀ àwọn onícountry ni ohun èlò yẹn ti wá.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, níbo ni kí n dé? Mo ní dátà díẹ̀. (Òǹkàwé kan, Òṣogbo)

Nítorí dátà yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Church Street Blues. Kò gùn, ẹ ó sì gbọ́ gìtá náà láìsí ariwo. Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú 0044 tí mo sọ lókè, kí ẹ mọ bí ó ṣe ń ṣe nígbà tí bánjò bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Manzanita ló kàn. Bí ẹ bá ti gbọ́ mẹ́ta yìí tí ẹ̀ ń fẹ́ sí i, ẹ wá lọ sí ti Grisman ti 1977. Bí ẹ bá kọ́kọ́ gbé ìyẹn, ẹ lè rò pé kì í ṣe bluegrass ni à ń sọ.

Nínú àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí, Bryan Sutton, Billy Strings àti Molly Tuttle ni kí ẹ wá. Molly Tuttle ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn oníbluegrass yàn ní atagìtá tó pegedé jù lọ láàárín ọdún, ní 2017. Nínú ohùn rẹ̀ àti ti Billy Strings ni ẹ ó ti gbọ́ àwọn ìró tí Clarence White kọ́kọ́ dá dúró, tí Tony Rice sì jẹ́ kí wọ́n bọ́ ní àkókò tiwọn. Ẹ ṣọ́ra fún fídíò àwọn tó ń fi "bí Tony Rice" ṣe àkọlé, tí wọ́n sì ń sáré lórí okùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta láì gbè lẹ́yìn ẹnì kankan. Ẹ má fi dátà yín ṣòfò sórí wọn.